Ta Ló Gun Ta? Àríwísí Díẹ̀ lórí Èdè Tí Linux Fi Ń So Àpótí Ìpamọ́ Mọ́ Kọ̀ǹpútà Wa

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù tó kọjá, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa títí di ìgbà tí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo ni mo ń wá. Mo gba ohùn náà sílẹ̀ ní 1979, ní abúlé kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí mo ń kó èdè jọ fún iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi. Ìyá náà ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń rẹ́ ilá, ó sì ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń pe ohun gbogbo tó wà láyìíká rẹ̀. ‘Ulé’ ni ó ń pe ilé, ‘uṣu’ ni ó ń pe iṣu, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ilé-ìwé ni mí, n kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ìyá náà ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sì fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú ẹbí tó ní ohùn rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi nìkan ni.

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó wà nílé.

Òótọ́ ni, ó wà nílé. Ẹ̀yin tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi mọ àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, àwọn kan nínú yín tilẹ̀ bá mi kọ orúkọ sí wọn lára. Wọ́n jẹ́ 214. Ọdún méjì ni mo fi sọ gbogbo wọn di fáìlì, ní ìwọ̀n 24 bit àti 48 kHz. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan máa ń gba gígábáìtì kan àti díẹ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ń lọ sí bíi 220 gígábáìtì. Mo kó wọn sínú àpótí ìpamọ́, ìyẹn àpótí kékeré kan tó ní dísíìkì méjì nínú, tí a fi wáyà so mọ́ ráútà, tí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé sì lè ti ibẹ̀ mú nǹkan. NAS ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó ti wà lábẹ́ tábìlì mi, kò yọ mí lẹ́nu rí. Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ló kú. Mo ra òmíràn, mo fi Linux tuntun sí i, mo sì pàṣẹ fún un kó lọ bá mi mú fáìlì wá láti inú àpótí. Ó dá mi lóhùn pé:

mount error(112): Host is down

Ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn yẹn dáadáa, nítorí òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. ‘Host’ ni onílé tó ń gbàlejò. ‘Down’ ni pé ó ti ṣubú, ó ti kú, kò sí nídìí iṣẹ́. Ẹ̀rọ ń sọ fún mi pé onílé ti kú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan onílé náà lábẹ́ tábìlì. Iná búlúù rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo fi àṣẹ ping kí i, ó jẹ́ mi. Mo ṣí ojú ewé rẹ̀ nínú browser, ó yọjú sí mi bíi ti àná. Irọ́ ni kọ̀ǹpútà ń pa.

Mo pe ọ̀kan nínú yín tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó. Ó rẹ́rìn-ín. ‘Prof, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ bá mi tẹ dmesg kí ẹ ka ìlà tó kẹ́yìn sí mi létí.’ Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, òtítọ́ wà níbẹ̀! Gbólóhùn gígùn kan ni, tó ń ṣàlàyé pé n kò dárúkọ ‘dialect’ kankan, pé èyí tí òun máa ń sọ bí a kò bá dárúkọ ti yí padà sí èyí tó láàbò jù, àti pé tí mo bá fẹ́ bá ẹ̀rọ àtijọ́ sọ̀rọ̀, kí n kọ vers=1.0. ‘Dialect’ o. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tó ṣe ìlànà SMB ṣe máa ń pe ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀ka-èdè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. SMB ni èdè tí àpótí mi àti kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Barry Feigenbaum ló dá a sílẹ̀ ní IBM ní 1983, Microsoft gbà á, wọ́n sì tún un ṣe títí, wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ ní CIFS ní 1996. Ìdí nìyẹn tí orúkọ méjèèjì fi ń dà wá láàmú di òní: smb ni ẹ ó kọ níbì kan, cifs ni ẹ ó kọ níbòmíràn, nǹkan kan náà ni. Ẹ̀ka-èdè àtijọ́, SMB1, ní ihò tó burú. Inú ihò yẹn ni WannaCry gbà wọlé sí àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún 2017. Lọ́dún yẹn kan náà ni Linux, láti kernel 4.13, jáwọ́ nínú fífi SMB1 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Samba náà pa á tì ní 2019, nínú ẹ̀dà 4.11. Àpótí mi kò gbọ́ nǹkan mìíràn ju SMB1 lọ. Arúgbó ni.

N kò bá wọn jà lórí pé wọ́n kọ̀ láti sọ SMB1 mọ́. Ẹni tí olè ti gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wọlé yóò ti ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ kan dé abúlé, bàbá àgbà kan kí i ní ẹ̀ka-èdè tí ọmọ náà kò sọ mọ́, ọmọ náà wá padà sílé lọ ròyìn pé bàbá ti kú. Ohun tí ẹ̀rọ mi ṣe fún mi nìyẹn. Ó mọ òtítọ́, ó tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní kúlẹ̀kúlẹ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá ẹ̀yìn ló kọ ọ́ sí, nínú ìwé ìròyìn kernel tí aráyé kì í kà. Irọ́ ló gbé wá sí gbàgede. Mo ti ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí kò mọ ìdáhùn àti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tó ya ọ̀lẹ láti kọ ọ́. Ti ìkejì ló máa ń dùn mí.

Ojú ìwòran fódà, èyí tí wọ́n fi àwòrán ṣe fún àwa tí a kì í fẹ́ tẹ àṣẹ, kò sàn jù ú lọ. Mo kọ smb:// àti nọ́ńbà àpótí síbẹ̀, ó ní òun kò lè mount ‘Windows share’. Kò sí Windows kankan nínú ilé mi. Linux ni kọ̀ǹpútà mi. Linux náà ló wà nínú àpótí, bó ṣe wà nínú púpọ̀ àwọn irú rẹ̀. Linux méjì ń bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà, wọ́n wá ń dárúkọ aládùúgbò tí kò sí níbẹ̀. Mo mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ìtàn ni: Andrew Tridgell ní Canberra ló kọ́kọ́ ṣe ètò tó mú kí Unix gbọ́ èdè yìí, ní nǹkan bí 1992. Nígbà tí orúkọ tó ń lò kọ́kọ́ di ti ẹlòmíràn, ó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun wá gbogbo ọ̀rọ̀ tí s, m àti b bá tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀. ‘Samba’ jáde, ‘salmonberry’ náà jáde. Ó mú Samba. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ẹ̀kọ́ wa lórí èdè Lárúbáwá, bí kọ́ńsónáǹtì ṣe ń di gbòǹgbò mú, tí fáwẹ́lì sì ń wọlé tó ń jáde láàárín wọn, ẹ ó rí i pé onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà ń ṣe mofọ́lọ́jì láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n má jẹ̀bi àìṣòótọ́. Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe tóbi, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi fún wa. Mo ti lo Linux láti ìgbà tí n kò lè sanwó ohun mìíràn, n kò sì ní fi í sílẹ̀. Ẹni tí èèyàn bá fẹ́ràn ni èèyàn ń bá wí. Àríwísí mi kì í ṣe lórí bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Lórí ẹnu rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tó sì wù mí jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni ‘mount’ fúnra rẹ̀.

Ó ti wà nínú ìwé atọ́nà Unix àkọ́kọ́, ti 1971. Láyé ìgbà yẹn, ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ṣe ni: òṣìṣẹ́ á gbé téèpù tàbí dísíìkì ńlá, á gbé e gun orí ẹ̀rọ. Lónìí kò sí ẹni tó ń gbé nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di àkàwé tí a ti gbàgbé ohun tí a fi ń wé. Ìwé àlàyé tó wà nínú Linux, èyí tí ẹ ó rí bí ẹ bá tẹ man mount, sọ pé gbogbo fáìlì wà lórí igi kan ṣoṣo, iṣẹ́ mount sì ni láti so ẹ̀ka tuntun mọ́ igi náà. Àpèjúwe igi yìí kò dára tó, ó sì léwu. Ẹ̀ka tí a so mọ́ igi kì í pa ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Mount ń pa á mọ́.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù. ‘Gùn’ ni.

Èmi kì í ṣe oníṣàngó, ṣùgbọ́n mo ti jókòó níbi ọdún Ṣàngó tí mo ń gba oríkì sílẹ̀. Nígbà tí òrìṣà bá gun elégùn, kò sẹ́ni tó máa pe elégùn ní orúkọ tirẹ̀ mọ́. Ẹni tó gùn ún ni wọ́n ń kí, ẹni tó gùn ún ló ń dáhùn. Ohun tó wà nínú orí elégùn tẹ́lẹ̀ kò sọnù, a kàn ti bò ó mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí òrìṣà bá sọ̀ kalẹ̀, elégùn á padà di ara rẹ̀, kò sì ní rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní Cuba kò gbàgbé èyí. Ní èdè Spain tí wọ́n ń sọ, ‘caballo’, ìyẹn ẹṣin, ni wọ́n ń pe ẹni tí òrìṣà ń gùn.

Báyìí gẹ́lẹ́ ni mount rí. Ẹ ní fódà kan lórí kọ̀ǹpútà yín, ti tèmi ń jẹ́ /mnt/ohun. Fódà lásán ni, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Elégùn nìyẹn. Àpótí ìpamọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì ni ó máa gùn ún. Bó bá ti gùn ún, ẹ ṣí /mnt/ohun, kásẹ́ẹ̀tì 214 ni ẹ ó rí. Bí kò bá gùn ún, tàbí tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, fódà ṣì wà níbẹ̀, orúkọ kan náà, ojú kan náà, òfìfo. Kò sí ohun tó máa sọ fún yín pé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tí ẹ rò.

Ìwé àlàyé mẹ́nu kan apá kan nínú èyí. Ó ní ohun tó wà nínú fódà tẹ́lẹ̀ á di ‘invisible’. Ọ̀rọ̀ kan péré, láàárín ìpínrọ̀ tí kò gbé ohùn sókè rárá. Apá kejì, pé òfìfo fódà lè máa dáhùn bí ẹni pé òun ni àpótí, kò wí nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí àìwí nǹkan kan yẹn ṣe fún mi.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní àṣẹ kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru ọjọ́ Ẹtì. rsync ni, pẹ̀lú --delete. Ó ń wo /mnt/ohun, ó ń sọ dísíìkì mìíràn tó wà nínú dúróà mi di ẹ̀dà rẹ̀ gẹ́lẹ́: ohun tó bá wà lọ́hùn-ún, á fi síbí, ohun tí kò bá sí lọ́hùn-ún mọ́, á pa á rẹ́ níbí. Dísíìkì méjì inú àpótí ń ṣe àwòkọ ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwòkọ kì í ṣe ìpamọ́: bí èèyàn bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí ọ̀kan, ó ti rẹ́ lórí èkejì nìyẹn. Torí náà ni mo ṣe ní ìkẹta. Ó wá di òru ọjọ́ Ẹtì kan, iná lọ, iná dé, iná tún lọ. Kọ̀ǹpútà mi wà lórí inverter. Àpótí kò sí lórí rẹ̀, kò sì tètè dìde. Ní aago méjì òru, rsync wo /mnt/ohun, ó rí elégùn lásán, kò rí òrìṣà. Fódà tó ṣófo kì í ṣe àṣìṣe lójú rsync. Ó sọ dísíìkì ìpamọ́ mi di ẹ̀dà òfìfo gẹ́lẹ́. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sì pariwo.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó mọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, gbogbo ohun tí mo fi ọdún mẹ́jọ kó jọ láti ẹnu àwọn èèyàn tí kò sí láyé mọ́ wà nínú àpótí àtijọ́ kan ṣoṣo, nínú ilé tí iná ń ṣẹ́jú. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì gan-an ti ń bu, púpọ̀ nínú wọn kò lè kọrin lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó mi ló mọ bí mo ṣe sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí i.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: mountpoint -q /mnt/ohun, kó wà níwájú rsync, tí && sì so wọ́n pọ̀. Ìbéèrè ni. ‘Ṣé ó ti gùn ún?’ Bí kò bá ì gùn ún, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo tún mú fódà náà nígbà tó ṣófo, mo fi chattr +i tì í, kí ẹnikẹ́ni má lè fi nǹkan sínú orí elégùn nígbà tí òrìṣà kò sí níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé mo ti rí fáìlì mẹ́rin níbẹ̀, ohùn ọlọ́dẹ kan ní Ìgbómìnà, tí mo ti ń wá fún oṣù mẹ́fà. Mo ti fi wọ́n pamọ́ ní ọjọ́ kan tí àpótí kò gùn ún. Inú dísíìkì kọ̀ǹpútà ni wọ́n bọ́ sí. Nígbà tí àpótí sì gùn ún lọ́jọ́ kejì, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ká ní ìwé àlàyé ti sọ fún mi pé gígùn ni, pé elégùn wà, pé òrìṣà lè má wá, mi ò bá ti béèrè. Igi ni wọ́n sọ fún mi. Igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

(Àṣẹ tí ó ń mú àpótí sọ̀ kalẹ̀ ń jẹ́ ‘umount’, wọ́n jẹ n kan nínú rẹ̀. Ken Thompson fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni yóò ṣe lọ́tọ̀ bó bá tún Unix ṣe, ó ní òun á fi e kún ‘creat’. Kò dárúkọ n tiwa.)

Ọ̀rọ̀ kejì tó kan àwa gan-an ni orúkọ fáìlì. Ẹ mọ̀ mí, n kì í kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, kódà lórí fáìlì. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí ẹ bá yọ àmì kúrò, ọkùnrin ilé, irinṣẹ́ oko, mọ́tò àti ohun ìjà ti di fáìlì kan ṣoṣo nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi vers=1.0 wọlé sínú àpótí àtijọ́ náà, mo gbàgbé iocharset=utf8. Ibi tó yẹ kí n rí ẹ àti ọ, àmì ìbéèrè ni mo rí, wọ́n tò bí ẹyin. Mo fi kún un, àwọn àmì padà.

Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni pé mo wá ‘Ìjẹ̀ṣà’, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Mo fi ojú mi rí fódà náà, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n kọ sí i lórí. Mo tẹ̀ ẹ́ síbi ìwádìí, kò sí. Fáìlì 31 ló wà nínú rẹ̀, ti ìyá yẹn sì wà lára wọn.

Ẹ̀bi èyí kò wà lọ́rùn Linux nìkan. Unicode fún à ní ààyè kan, ó fún ẹ ní ààyè kan, ṣùgbọ́n kò fún ẹ̀ ní ààyè tirẹ̀. Ọpẹ́ tilẹ̀ ni fún àwọn ará Vietnam pé ẹ àti ọ rí ààyè níbẹ̀, wọ́n ń lo àwọn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ni àmì ìsàlẹ̀ ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ láti kọ ẹ̀. Ẹ lè kọ ẹ, kí ẹ fi àmì ohùn lé e: ẹyọ méjì. Ẹ sì lè kọ e, kí ẹ fi kíún sí i nísàlẹ̀, kí ẹ tún fi àmì ohùn lé e: ẹyọ mẹ́ta. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Mac ni mo fi sọ àwọn kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ di fáìlì, irú èyí tó máa ń tú orúkọ fáìlì sí wẹ́wẹ́ lórí dísíìkì rẹ̀. rsync sì gbé wọn lọ sínú àpótí bí wọ́n ṣe wà. Linux kì í tú, kì í pa pọ̀. Ohun tí ẹ bá fún un ló ń tọ́jú. Ohun tí kíbọ́ọ̀dù mi tẹ̀ jẹ́ ẹyọ méjì, ohun tó wà nínú àpótí jẹ́ mẹ́ta. Fún ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ convmv ló bá mi sọ gbogbo wọn di ọ̀kan, pẹ̀lú --nfc. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn yín. Kò ní yí nǹkan kan padà títí ẹ ó fi kọ --notest.

Ohun tó ń bí mi nínú níbí ni pé kò sí gbólóhùn kankan. ‘Host is down’ tilẹ̀ sọ nǹkan. Níbí, ìdákẹ́ ni. Ẹni tí kò mọ Unicode á gbà pé iṣẹ́ òun ti sọnù, á sì jáwọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti jáwọ́, nítorí mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́gbẹ́ mi: ‘Mo ti kúkú yọ àmì kúrò lórí fáìlì mi, wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù.’ Ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ èdè Yorùbá ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Bí mo ti wá bú àwọn òyìnbó tó, ó kù sórí wa. Mo wà lára àwọn tó fi ìtara ṣe èdè-ìperí ní àwọn ọdún 1980, mo sì ń gbóríyìn fún iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí mo ti rí, a sábà máa ń sọ ‘share’ di ‘pín’. Ẹ wò ó dáadáa. Bí wọ́n bá pín ogún, kálukú á gbé tirẹ̀ lọ, kò ní sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́. Fódà tí àpótí mi ń fi han gbogbo ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ń lò ó, ọmọ mi ń lò ó, ó sì pé síbẹ̀. Àjùmọ̀lò ni. Ẹni tó sọ ọ́ di ‘pín’ mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ Yorùbá, kò tíì so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà rí. Èmi náà ti kọ ‘pín’ sínú àkọsílẹ̀ kan rí. Mo ti pa á rẹ́.

Nǹkan kékeré kan tún wà. Nígbà tí mo ra àpótí tuntun, akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kí n dán NFS wò dípò SMB. Sun ló ṣe é ní 1984, ó sì yára. Mo dán an wò. Mo rí gbogbo fáìlì, n kò sì lè kọ nǹkan kan sí i: Permission denied. Orúkọ mi kan náà ló wà lórí kọ̀ǹpútà àti lórí àpótí. Ọmọ náà ní, ‘Prof, kò wo orúkọ yín sà. Nọ́ńbà yín ló ń wò.’ Lórí kọ̀ǹpútà, 1000 ni mí. Lórí àpótí, 1026. Ọ̀nà wà láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo padà sí SMB, níbi tí mo ti lè fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé bí ọmọlúàbí.

Ìlà tí mo ń lò báyìí nínú /etc/fstab nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ máa béèrè. Ẹ fi nọ́ńbà àpótí tiyín àti orúkọ tiyín rọ́pò tèmi:

//192.168.1.20/ohun /mnt/ohun cifs credentials=/home/prof/.asina,uid=1000,gid=1000,iocharset=utf8,vers=3.0,nofail,_netdev,x-systemd.automount 0 0

Ẹ kọ́kọ́ fi cifs-utils sórí ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ óò rí irú gbólóhùn mìíràn tó ń ka ẹ̀sùn lóríṣiríṣi láìdá ẹnì kan lẹ́bi. Inú fáìlì .asina ni orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wà, ẹ fi chmod 600 tì í. ‘nofail’ ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé bí àpótí kò bá ì jí, kó má fi ìyẹn ṣe ìjà. ‘x-systemd.automount’ sì ń sọ pé kí àpótí má tíì gun fódà títí ẹnì kan yóò fi ṣí i. Ìyẹn ló bá iná ilẹ̀ wa mu jù. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀: bí ẹ bá lò ó, mountpoint á máa sọ pé nǹkan wà lórí fódà, nítorí olùdúró ti wà níbẹ̀ kí òrìṣà tó dé. Nítorí náà, nínú àṣẹ òru ọjọ́ Ẹtì mi, mo tún ń wò bóyá fáìlì kan tí mo fi ṣe àmì, tó wà nínú àpótí nìkan, wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, rsync kò ní ṣiṣẹ́.

Àpótí àtijọ́ ti sinmi. SMB1 ni mo fi kó gbogbo rẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí mo ti fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ lára ráútà, ó sì gba alẹ́ kan àti ààbọ̀ ọjọ́.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, mo fi ohùn ìyá náà ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó pè mí padà lálẹ́. Ó ní ìyá òun gbọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ní Ìjẹ̀ṣà, èdè tí wọn kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti kó lọ sí Èkó. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni ọmọkùnrin tí ìyá àgbà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀.